Ìwé Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ Láàárín Olùkọ́ àti Akẹ́kọ̀ọ́: Ohun Tí Àwọn Olùkọ́ Ní Àbújá Máa Ń Bi Mí

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 2 ní ilé-ìwé ìjọba kan ní apá Kubwa. Yàtọ̀ sí ìwé tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ kíláàsì, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tí èmi àti òun jọ ń kọ ọ̀rọ̀ sí, tí kò sí máàkì kankan nínú rẹ̀. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, pàápàá àwọn ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé Àbújá láti Ìbàdàn tàbí Ìlọrin, máa ń bi mí nípa rẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí lemọ́lemọ́ nìyí, pẹ̀lú ìdáhùn tí mo máa ń fún wọn.

Kí ni ìwé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yìí gan-an?

Ìwé ìkọ̀wé lásán ni, eléwé 40, irú èyí tí wọ́n ń tà káàkiri ọjà. Ọmọ á kọ ohun tó bá wà lọ́kàn rẹ̀ sí i, ìbáà jẹ́ ìlà mẹ́ta, ìbáà jẹ́ odindi ojú ewé kan. Èmi á kà á, màá kọ èsì sí abẹ́ rẹ̀, ọmọ náà á ka èsì mi, á sì tún kọ tirẹ̀. Kì í ṣe àròkọ, nítorí pé a kò fún un ní orí-ọ̀rọ̀. Kì í sì í ṣe lẹ́tà gbẹ̀fẹ̀ bí a ṣe ń kọ́ ọ ní kíláàsì, nítorí pé kò ní àdírẹ́sì, kò sì ní àsọkágbá. Ohun tó fi jọ lẹ́tà ni pé ẹnì kan ṣoṣo ni a kọ ọ́ sí, ẹni náà yóò sì fèsì.

Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀. Leslee Reed, olùkọ́ kan ní Los Angeles ní Amẹ́ríkà, ti ń ṣe é pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà rẹ̀ kí Jana Staton àti àwọn onímọ̀ mìíràn tó wá ṣe ìwádìí lórí ìwé àwọn ọmọ náà ní nǹkan bí ọdún 1980. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí irú ìwé yìí ràn lọ́wọ́ láti ìgbà náà ni wọ́n jẹ́ ọmọ àlejò tí èdè ilé-ìwé kì í ṣe èdè ilé wọn, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi bá Àbújá mu bí ìbọ̀sẹ̀ ṣe ń bá ẹsẹ̀ mu.

Ṣé Yorùbá kò ti sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà? Kí ló dé tí ẹ kò kàn pe ọmọ náà kí ẹ bá a sọ̀rọ̀?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé òun ni èmi náà fi bá ara mi jà ní ìbẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni pé ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ọmọ tí a tọ́ ní ilé Yorùbá ni a ti kọ́ pé kò gbọdọ̀ tẹjú mọ́ àgbà. Bí àgbà bá ń bá a sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló ń wò, ìdáhùn rẹ̀ kì í sì í ju "bẹ́ẹ̀ ni, mà" àti "rárá, mà" lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ Haúsá, ẹni tí wọ́n ti fi kunya tọ́, ìyẹn ìtìjú tí wọ́n kà mọ́ ìwà ọmọlúwàbí. Bí mo bá wá pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi, ohun tí gbogbo kíláàsì yóò rò ni pé ó ti ṣẹ̀, òun náà yóò sì ti máa wá ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀ kí n tó la ẹnu. Ojú tí ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ yìí náà ló ń dí ọ̀rọ̀ mọ́ ọmọ lọ́nà.

Ọmọkùnrin kan wà tí ó máa ń pẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ní kí ó kúnlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni mo sì bi í pé kí ló fà á, tí ó sì sọ pé "Ẹ jọ̀ọ́, mà." Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, ìlà kẹrin tí ó kọ sí mi ni pé Mararaba ni wọ́n ń gbé, pé òun a máa pọn omi sí ibi tí ìyá òun ti ń ta oúnjẹ kí òun tó jáde nílé, àti pé bí aago mẹ́fà bá ti lù kí òun tó dé Nyanya, ọkọ̀ kì í rìn mọ́ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Mararaba sí Nyanya ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kò nílò àlàyé kankan ju èyí lọ. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìwé náà. N kò rò pé ǹ bá lè fi ẹnu mi sọ ọ́ fún ọmọ ọdún méjìlá lójúkojú, èyí tó fi hàn mí pé kì í ṣe ọmọ nìkan ni ojú ń dí lọ́nà, ó ń dí àgbà náà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àṣà òyìnbó ni. Kí ìwé tó dé ilẹ̀ wa ni àwọn baba wa ti ń pàrokò ránṣẹ́ síra wọn. Bí ẹnì kan bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ̀fà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé ọkàn òun ń fà sí i. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀jọ ni, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń rọrùn láti gbé ránṣẹ́ ju láti gbé kojú ẹni lọ.

Èdè wo ni kí ọmọ fi kọ ọ́?

Èdè tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá sí. Nínú kíláàsì mi, ẹ óò rí ọmọ Gbagyi tí wọ́n ni ilẹ̀, ẹ óò rí Haúsá, Ìgbò, Tiv, Igala àti Ebira, ẹ óò sì rí àwọn ọmọ Yorùbá láti Kwara àti láti ilẹ̀ Okun ní Kogi. Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú wọn fi ń kọ, nítorí pé òun ni wọ́n fi kọ́ wọn ní ìwé kíkọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá wúwo, èdè ilé a máa yọ sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Haúsá tèmi kò ju Haúsá ọjà lọ. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan kọ ìlà kan ṣoṣo sí mi: "Malama, yau ban ci abinci ba." Ó ní òun kò jẹun lónìí. Mo wá nǹkan fún un jẹ ní àkókò ìsinmi, mo sì fi Haúsá tèmi kọ èsì pé "Ka ci abinci yanzu?" láti bi í bóyá ó ti jẹun báyìí. Nígbà tí ìwé náà padà dé ọwọ́ mi, ó ti fa ìlà sórí "ka", ó sì kọ "kin" sí orí rẹ̀. Èdè wa kì í ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo nínú "o" àti "ó", Haúsá ni ó ń yà á. Ọkùnrin ni mo sọ ọmọbìnrin náà dà. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ yìí ti di olùkọ́ Haúsá mi, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí kì í kọ̀wé. Bí ẹ kò bá gbọ́ èdè tí ọmọ fi kọ̀wé, òun gan-an ni kí ẹ bi ní ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ má gbé ìwé náà fún olùkọ́ mìíràn láti túmọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé ọmọ náà gbà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá tí a bí sí Àbújá yàtọ̀ díẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ èdè náà lẹ́nu ìyá wọn, ṣùgbọ́n wọ́n lè kọ "o ṣé" sí yín dípò "ẹ ṣé". Ẹ gbé ìbínú sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń fi ronú kò ní "ẹ" fún àgbà, ọmọ náà kò sì mọ̀ pé òun ti rí yín fín.

Ọmọ 72 ló wà ní kíláàsì mi. Níbo ni màá ti rí àkókò?

Olùkọ́ ti Los Angeles yẹn lè máa fèsì lójoojúmọ́. Ẹ má dán an wò níbí. Ẹ pín àwọn ọmọ náà sí ọ̀nà mẹ́jọ, mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Ẹ yọ ọjọ́ Ẹtì kúrò, nítorí pé a máa ń tètè jáde kí àwọn Mùsùlùmí lè lọ kí Jímọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀ kan di ọjọ́ mẹ́jọ nínú ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo wọn á sì kárí. Bí èsì kan bá gba ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìṣẹ́jú 27 ni ẹ óò lò lójúmọ́. Ìlà mẹ́ta tó èsì.

Ṣé kí n máa tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe?

Rárá, ẹ má sì mú bírò pupa sún mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé ìdáhùn yìí kì í tẹ́ àwọn olùkọ́ èdè lọ́rùn, èmi náà sì jẹ́ olùkọ́ èdè. Ọmọ tí ó kọ̀wé pé ìyá òun wà ní ọsibítù, tí olùkọ́ rẹ̀ sì fa ìlà pupa sí abẹ́ "ọsibítù" nítorí pé ó kọ sípẹ́lì rẹ̀ ṣì, kò ní kọ nǹkan gidi sí olùkọ́ náà mọ́. Máàkì ni ó bá pàdé, kò bá ènìyàn pàdé.

Èyí kò sọ pé ọmọ kò ní kọ́ nǹkan kan nípa èdè. Ọ̀nà tí ó ń gbà kọ́ ọ ni ó yàtọ̀: ẹ fi ọ̀rọ̀ tó tọ̀nà fèsì, kí ẹ má sì pe àkíyèsí sí i. Ọmọkùnrin Yorùbá kan tí iṣẹ́ gbé bàbá rẹ̀ lọ sí Kàdúná kọ̀wé sí mi pé, "Mo ń pàdánù bàbá mi." Àyà mi kọ́kọ́ já, mo rò pé àìsàn ló ń ṣe bàbá náà. Ìgbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kejì ni mo rí i pé Gẹ̀ẹ́sì ló wà nídìí rẹ̀, pé "I miss my father" ló túmọ̀ ní tààrà. Mo kọ èsì pé, "Àárò bàbá tèmi náà máa ń sọ mí, pàápàá ní ọjọ́ Àìkú, nítorí pé ọjọ́ náà ni a jọ máa ń jẹ iyán. Ìgbà wo ni àárò tìrẹ máa ń sọ ọ́ jù?" Èsì rẹ̀ dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì: "Àárò bàbá mi máa ń sọ mí tí iná bá lọ, nítorí òun ló máa ń tan jẹnẹrétọ̀." Ká ní mo ti fi bírò pupa pa "pàdánù" rẹ́ ni, ó lè kọ́ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n n kò ní gbọ́ nípa jẹnẹrétọ̀.

Ọ̀gá ilé-ìwé wa gbà pé ìwé tí olùkọ́ kò bá máàkì, olùkọ́ náà ya ọ̀lẹ ni.

Ẹ lọ bá a kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti rí i. Ẹ fi ìwé àròkọ tí ẹ máàkì hàn án kí ó lè mọ̀ pé iṣẹ́ yẹn ń lọ, kí ẹ sì ṣàlàyé pé èyí wà lọ́tọ̀. Tiwa ni a fi bébà dì lẹ́yìn, orúkọ ọmọ nìkan ló sì wà lára rẹ̀, kí ẹni tó bá wá yẹ ìwé wò má ṣe kó o mọ́ àwọn tó kù.

Kí ni kí a bi wọ́n bí wọn kò bá mọ ohun tí wọn yóò kọ?

Ohun kékeré tí a lè fọwọ́ kàn ni. "Sọ nípa ara rẹ fún mi" kì í so èso. Ìwé ẹ̀rí ni ọmọ yóò kọ wá, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí àti orúkọ ìjọba ìbílẹ̀.

Orúkọ ni mo sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀: kí ni wọ́n ń pè ọ́ nílé tí wọn kì í pè ọ́ níbí, ta ló sì fún ọ? Ọmọ Yorùbá á kọ oríkì tí ìyá-ìyá rẹ̀ fi ń jí i. Ọmọ Haúsá á sọ fún yín pé ọjọ́ Àìkú ni wọ́n bí àǹtí òun, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ladi. Láti ibẹ̀, mo máa ń ní kí wọ́n mú náírà ogún wá kí wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀. Obìnrin tó ń mọ ìkòkò níbẹ̀ ni Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi, ará Kwali, ọ̀kan nínú àwọn agbègbè mẹ́fà tí ó para pọ̀ di FCT, ìyẹn ilẹ̀ olú-ìlú ìjọba àpapọ̀. Mo bi wọ́n pé ta ló ń fi ọwọ́ ṣe nǹkan nílé wọn. Nínú ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni mo ti mọ télọ̀, amọ̀kòkò láti Ushafa, ẹni tó ń hun irun di òru, àti bàbá kan tí ó ń tún rédíò ṣe bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń gbé rédíò wá fún un mọ́.

Ìbéèrè mìíràn tí ó ṣiṣẹ́ dáadáa ni ti ìlú. Ìlú tí à ń pè ní Suleja lónìí ló ń jẹ́ Abuja kí ìjọba tó gba orúkọ náà fún olú-ìlú tuntun lẹ́yìn òfin ọdún 1976. Mo sọ èyí fún wọn, mo sì bi wọ́n pé bí wọ́n bá gba orúkọ àdúgbò tiwọn, kí ni wọn yóò máa pè é. Ọmọ Gbagyi méjì ni wọ́n kọ ojú ewé mẹ́ta mẹ́ta lọ́jọ́ náà, àwọn méjèèjì kì í sì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì.

Báwo ni ó ṣe yẹ kí olùkọ́ sọ nípa ara rẹ̀ tó?

Ó yẹ kí ó sọ díẹ̀, nítorí pé ẹni tó ń béèrè nìkan, tí kì í sọ tirẹ̀, ọlọ́pàá ni. Mo máa ń kọ nípa oúnjẹ, nípa ìgbà èwe mi, nípa bí mo ṣe fìdí rẹmi nínú ìṣirò. N kì í kọ nípa ọkọ mi, owó oṣù mi, tàbí ìjà tó wà láàárín èmi àti olùkọ́ mìíràn. Ìdíwọ̀n mi ni pé bí ìyá ọmọ náà bá ka ohun tí mo kọ, kí ojú má tì mí.

Ọmọ kan ń kọ "Ẹ káàárọ̀, mà" nìkan láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ẹ dá a lóhùn. "Káàárọ̀. Mo rí i pé o wọ bàtà tuntun." Ó ń wò ó bóyá ẹ ó fèsì ni.

Àwọn ọmọ tí ogun lé kúrò ní Borno wà ní kíláàsì mi. Ṣé kíkọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kò ní tún dá wọn lọ́gbẹ́?

Ẹ kò gbọdọ̀ bi wọ́n. Bí wọ́n bá fúnra wọn mú un wá, ẹ gbà á. Ní ọdún 1986, James Pennebaker àti Sandra Beall ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa fi ìṣẹ́jú 15 kọ nípa ohun tó dùn wọ́n jù láyé, fún ọjọ́ mẹ́rin léraléra. Ọkàn wọn kọ́kọ́ rẹ̀wẹ̀sì lẹ́yìn tí wọ́n kọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n ní àwọn oṣù tó tẹ̀ lé e, ìgbà tí wọ́n lọ sí ilé-ìwòsàn ilé-ẹ̀kọ́ wọn dín kù sí ti àwọn tí a ní kí wọ́n kọ nípa nǹkan yẹpẹrẹ. Àgbà ni àwọn wọ̀nyẹn, wọ́n sì wà ní àlàáfíà. Ọmọ tó ń ti àgọ́ Durumi tàbí Kuchingoro wá kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn, olùkọ́ kì í sì í ṣe dókítà ọkàn. Ohun tí mo máa ń kọ sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀: "Mo kà á. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. O ṣeun tí o sọ fún mi." Lẹ́yìn náà, mo máa ń bi í léèrè nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lónìí, bóyá nípa bọ́ọ̀lù.

Bí ọmọ bá kọ̀wé pé ẹnì kan ń ṣe òun ní ibi ńkọ́?

Ẹ má ṣe ṣèlérí àṣírí tí ẹ kò ní lè pa mọ́. Ojú ewé kìíní gbogbo ìwé wa ni mo ti kọ ọ́ sí, mo sì ń kà á fún wọn ní ọjọ́ àkọ́kọ́: "Ohun tí o bá kọ síbí, èmi àti ìwọ ló ni ín, àyàfi bí mo bá rí i pé ẹnì kan ń pa ọ́ lára, tàbí pé o fẹ́ pa ara rẹ lára. Nígbà náà, màá sọ fún ẹni tó lè gbà ọ́, ṣùgbọ́n ìwọ ni màá kọ́kọ́ sọ fún."

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìpamọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, òfin kan náà ló sì ní kí ohun tó bá ṣe ọmọ ní àǹfààní jù lọ ṣíwájú nínú gbogbo ìpinnu. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àṣírí kì í ṣe àwáwí láti dákẹ́. Ní Àbújá, òfin tó de ìwà ipá sí ènìyàn, èyí tí wọ́n ṣe ní 2015, gbé iṣẹ́ ààbò náà lé NAPTIP lọ́wọ́, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò. Ẹ lọ bá olùdámọ̀ràn ilé-ìwé àti ọ̀gá yín lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ má dúró di ọjọ́ kejì, kí ẹ má sì ya ìwé náà. Ẹ má lọ sí ilé ọmọ náà láti lọ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó mọ ẹni tó wà nílé.

Níbo ni kí a kó àwọn ìwé náà pa mọ́ sí?

Ibi tí kọ́kọ́rọ́ bá wà. Mo kọ́ èyí lọ́nà tí kò dára. Ní ilé-ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, mo fi ìwé mẹ́sàn-án sílẹ̀ lórí tábìlì nínú yàrá àwọn olùkọ́, mo lọ sí báńkì. Olùkọ́ kan ṣí ọ̀kan, ó kà á, ó sì rí i pé ọmọbìnrin kan kọ̀wé pé òun ṣì ń tọ̀ sílé. Kí ilé-ìwé tó jáde, ó ti fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbangba. Ọmọ náà kò kọ nǹkan kan sí mi mọ́ títí sáà fi parí, n kò sì dá a lẹ́bi. Àpótí onígi kan tó ní àgádágodo ni mo rà lẹ́yìn ìgbà náà, òun ni mo ṣì ń lò.

Ṣé a kò lè máa ṣe é lórí WhatsApp?

Rárá. Fóònù òbí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń lò, olùkọ́ kò sì gbọdọ̀ máa bá ọmọ sọ̀rọ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́ níbi tí ẹlòmíràn kò lè rí i.

Àwọn òbí ń bínú pé a ń tojú bọ ọ̀rọ̀ ilé wọn.

Wọn kò jayò pa. Mo máa ń sọ nípa ìwé náà ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Haúsá tí ẹlẹgbẹ́ mi ń bá mi túmọ̀, mo sì ń sọ pé òbí tí kò bá fẹ́ lè yọ ọmọ rẹ̀ kúrò. Bàbá kan yọ ọmọ rẹ̀ kúrò, èmi náà sì gbà.

Kí ni ẹ ń ṣe sí ìwé náà nígbà tí ọdún bá parí?

Ọmọ ló ni ín, òun ni mo ń kó o fún. Mo máa ń kọ lẹ́tà kan sí ojú ewé tó kẹ́yìn, èyí tí ó máa ń gùn ju èsì yòókù lọ, mo sì ń tọ́ka sí ohun kan pàtó tí ọmọ náà kọ ní sáà kìíní. Ọmọ Mararaba yẹn gba tirẹ̀, ó kà á lórí ìdúró, ó sì dá a padà sọ́wọ́ mi pé òun ṣì fẹ́ fèsì.